Ọṣẹ Tó Ń Ṣe Mọ́tò Lọ́ṣẹ́: Àárọ̀ Sátidé Ní Ṣáṣá

Bí ẹ bá gbọ́ Ṣáṣá, ẹ má ṣe rò pé ti Ìbàdàn ni, níbi tí àwọn aláta àti onítòmátì ti ń nájà. Ti Èkó lọ̀rọ̀ kàn lónìí, Ṣáṣá tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, tí òun àti Akówonjo jọ ń ṣe aládùúgbò. Ẹni tó bá ti Dòpẹ̀mú bọ̀ yóò kan ráńdábaòtù Akówonjo, níbẹ̀ ni yóò ti béèrè márúwá tó ń lọ sí Ṣáṣá. Kò ní í pẹ́ débẹ̀, àfi bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá a dúró.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ àti fèrè mọ́tò ló ń jí àwọn ará Ṣáṣá. Àmọ́ láàárọ̀ Sátidé, ohùn mìíràn lẹ ó gbọ́: korobá tó ń kan etí kànga, ẹ̀rọ omi bọ́họ̀ tó ń kùn, mẹ́rúwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi ẹ̀ gba ojú gọ́tà kọjá. Ọ̀pọ̀ omi yẹn kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ. Ti mọ́tò ni. Láti ojúlé dé ojúlé, ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin tó ká ṣòkòtò sókè, tí fóòmù bo ọwọ́ wọn dé ìgbọ̀nwọ́, tí wọ́n ń fi gbogbo agbára fọ mọ́tò bàbá tàbí ti ìyá wọn.

Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ìyà ni àwọn fi ń jẹ mọ́tò ọ̀hún.

"TA LÓ FÚN Ẹ NÍ KÀNRÌNKÀN ÌKÒKÒ?"

Ẹ wo irú ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà fi ọdún gbọọrọ dá àjọ, ó kó o, ó fi ra Corolla tòkunbọ̀. Inú ẹ̀ dùn, gbogbo ojúlé bá a yọ̀. Nígbà tó di Sátidé, ó ní kí ọmọ òun ọkùnrin fọ mọ́tò náà. Ọmọ bu ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń fọ aṣọ sínú korobá kan ṣoṣo, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà, ó ti ibẹ̀ gun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó rí ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti gan mọ́ orí mọ́tò, ó sáré wọlé lọ mú kànrìnkàn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìdí ìkòkò.

Ọlọ́run yọ ọ́ ni pé bàbá kan tó ń kun mọ́tò lọ́dà ń kọjá lọ.

"Dáwọ́ dúró, ọmọ yìí! Ta ló fún ẹ ní kànrìnkàn ìkòkò pé kó o fi ha mọ́tò?"

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá Pẹ́ńtà. Ìgbẹ́ ẹyẹ ló gan mọ́ ọn, kò lọ ni."

Ìyá náà gbọ́ ariwo, ó jáde tòun ti ìró láyà. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Pẹ́ńtà. Kí lọmọ mi fi ṣe yín?"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Aláṣọ. Kò fi nǹkan kan ṣe mí, mọ́tò yín ló ń ṣe. Ẹ súnmọ́ bí. Ẹ wo ara bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí níbi tí oòrùn ti ń bà á."

Ìyá wò ó. Ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó lọ́ bírípó-bírípó bí òwú aláǹtakùn. Nígbà tó ra mọ́tò náà, kò sí nǹkan tó jọ ọ́ lára ẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará ilé ẹ̀ ló fà á, láàárín oṣù mélòó kan péré.

ARA MỌ́TÒ Ò NÍPỌN

Ohun tí bàbá náà rí ni kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìyálọ́jà tó ní mọ́tò mọ̀. Ọ̀dà tó wà lára mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Èkejì ni àwọ̀ tí ojú ń rí, bóyá dúdú ni o, bóyá pupa. Èyí tó wà lókè pátápátá ò ní àwọ̀ rárá, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, òun ló ń jẹ́ kí mọ́tò máa dán. Gbogbo wọn pọ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ojú ewé ìwé kan lọ. Ìyẹn ni kànrìnkàn onírin fẹ́ bá jà!

Láyé Pijó 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975, àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ nílùú Èkó láti ọdún 1975 kan náà, ọ̀pọ̀ mọ́tò ni àwọ̀ ẹ̀ wà lókè gbalasa. Bí dírẹ́bà bá ń fi pólíṣì nù ún, àkísà á gba àwọ̀ mọ́tò. Àwọn àgbà dírẹ́bà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tòde òní yàtọ̀: àkísà ò ní í gba àwọ̀ kankan, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á rò pé kò sí ewu, bẹ́ẹ̀ ara gíláàsì òkè yẹn ló ń ha lọ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló wá ń ha á? Kì í ṣe ọṣẹ nìkan, iyanrìn ni. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad, títí ó fi dé orí òrùlé wa ní Èkó. Iyanrìn lẹ́búlẹ́bú wà nínú eruku náà, ó sì le ju ọ̀dà mọ́tò lọ. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ojú títì tí wọn ò dá ọ̀dà sí á ta sí i lára. Ẹni tó bá mú àkísà lé eruku tàbí ẹrẹ̀ gbígbẹ, tó ń fi agbára nù ún, bí ìgbà tí káfíńtà ń fi pépà onísáńdì yún pákó ló rí.

Ìpalára náà dé àpò. Láyé ijọ́sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Kútọnu, wọ́n á gba ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, owó dọ́là sì fò sókè. Mọ́tò tí èèyàn ń rà tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fojú wò lásán. Ẹni tó bá ní èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìṣúra ló ní. Lọ́jọ́ tó bá sì fẹ́ tà á, ara mọ́tò ni oníbàárà á kọ́kọ́ wò, kó tó sọ pé kí wọ́n sí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FỌ MỌ́TÒ NÍLÉ

Bàbá Pẹ́ńtà ká apá aṣọ ẹ̀, ó sọ fún ọmọ pé, "Lọ mú korobá kejì wá."

Korobá méjì ni àṣírí iṣẹ́ náà. Ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán. Bí wọ́n bá ti fi àkísà nu apá kan, inú omi lásán ni wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ sí, kí iyanrìn lè rọ̀ sídìí korobá, kí wọ́n tó tún tì í bọ omi ọṣẹ. Ẹni tó bá ń lo korobá kan ṣoṣo, iyanrìn tó kó kúrò lápá ọ̀tún ló ń fi ha apá òsì.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá, ẹ bu omi lé e láti orí wá sílẹ̀, kí eruku tó pọ̀ jù bá omi lọ. Ibi òjìji ni kó wà, ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì gbóná, ẹ dúró, nítorí ọṣẹ á gan mọ́ irin gbígbóná.

Láti òkè ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ bọ̀: orí, gíláàsì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bútù, ilẹ̀kùn, kó tó kan bọ́ḿpà àti ìsàlẹ̀ tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí. Lọ́nà tààrà ni kí ọwọ́ máa lọ, kì í ṣe bírípó-bírípó. Táyà àti rímù ní àkísà tiwọn lọ́tọ̀, nítorí irin wẹ́wẹ́ láti ara búrékì máa ń lẹ̀ mọ́ wọn. Bí àkísà bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe gbọ̀n ọ́n kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Òmíràn ni kí ẹ mú.

Ìgbẹ́ ẹyẹ ńkọ́? Ẹ rẹ aṣọ sómi, ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á rọ̀, á sì wá fúnra ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, torí ó máa ń jẹ ọ̀dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oje igi máńgòrò, fún ẹni tó ń páàkì sábẹ́ ẹ̀.

Ìyá Aláṣọ wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. "Bàbá Pẹ́ńtà, owó wo ni n ó tún fi ra ọṣẹ mọ́tò, nígbà tí ọṣẹ aṣọ wà nílé?"

"Ìyá Aláṣọ, ṣé ẹ lè fi ọṣẹ ìkòkò fọ léèsì tí ẹ ń tà?"

"Rárá o! Á bà á jẹ́."

"Bọ́rọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Ọṣẹ aṣọ ń bọ́ ìda tó ń dáàbò bo ọ̀dà. Èyí tí kò bá yòrò dáadáa nínú ẹ̀ sì ń ha á. Ìgò ọṣẹ mọ́tò kan ń pẹ́ nílé, ìdérí ẹ̀ kan tó korobá kan. Bí kò bá sí owó ẹ̀ lónìí, omi lásán tó pọ̀ sàn ju ọṣẹ aṣọ lọ."

Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì sómi pé kí mọ́tò lè dán. Ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tí eruku á fi rọ́ mọ́ ọn. Ẹ má sì fi díṣù tàbí ògbólógbòó ọ́ìlì pa táyà, wọ́n ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ má da omi sórí ẹ́ńjìnnì, iná mọ̀nàmọ́ná tó wà nínú mọ́tò òde òní pọ̀, owó rìwáyà ò sì kéré mọ́.

Bí ẹ bá fi omi ṣan án tán, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tó rọ̀ nù ún kíákíá. Omi kànga àti ti bọ́họ̀ máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ bó bá gbẹ fúnra ẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ rọra tẹ búrékì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí omi inú ẹ̀ lè gbẹ.

Ohun kan ṣì wà o. Kànga pọ̀ nínú ọgbà ilé ní Ṣáṣá, omi ẹ̀ làwọn ará ilé ń lò. Ẹ má ṣe fọ mọ́tò sétí kànga. Omi ọṣẹ tòun ti ọ́ìlì á rin lọ síbi tí ẹ ti ń pọnmi.

ÌDA LÁTI ARA Ọ̀PẸ BÙRÀSÍÌLÌ

Bí mọ́tò bá mọ́, tó sì gbẹ, wáàsì ló kù, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń ra á lára. Ẹni tó bá ti rí omi lórí ewé kókò ti mọ ohun tí wáàsì ń ṣe. Omi ò lè rẹ ewé kókò, ńṣe ló máa ń ṣù róbótó, tí á yí bọ́ sílẹ̀, nítorí ìda wà lára ewé náà.

Ìda tó lókìkí jù fún mọ́tò wá láti ara irú ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní kànáúbà, tó ń hù ní ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ìda ni ọ̀pẹ náà fi ń bo ewé ẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi ara ẹ̀ tán. Wọ́n á gé ewé náà, wọ́n á sá a, wọ́n á lù ú, ìda á gbọ̀n sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Òun kan náà ni wọ́n fi ń mú kí súìtì àti oògùn oníkóró dán. Ilẹ̀ Bùràsíìlì yẹn náà ni àwọn Àgùdà ti padà wá sí Èkó ní nǹkan bí igba ọdún ó dín sẹ́yìn, tí wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó.

Fífi wáàsì pa mọ́tò ò le. Abẹ́ òjìji ni. Ẹ bù ú díẹ̀ sára fóòmù, ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, apá kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti ṣú fúrúfúrú, ẹ fìka kàn án. Bí ibẹ̀ bá mọ́ láìfà, ó ti tó nù ún pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan rọ́bà tàbí bọ́ḿpà dúdú, àmì funfun ni yóò fi síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ti tó.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o! Wáàsì yàtọ̀ sí kọ́ḿpáàǹdì. Kọ́ḿpáàǹdì ń họ ara ọ̀dà ni, iṣẹ́ pẹ́ńtà ni. Ẹni tó bá ń fi í pa mọ́tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀dà ẹ̀ ló ń họ tán.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Ìyá Aláṣọ bu omi díẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ́n ọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi ṣù róbótó-róbótó, ó yí lọ sílẹ̀. Ìlà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò lọ tán, Bàbá Pẹ́ńtà ò sì purọ́ fún un pé yóò lọ. Ó ní kí wọ́n má ṣáà dá kún un.

Ọmọ náà gbé kànrìnkàn onírin padà sídìí ìkòkò. Ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.