Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ẹ má tètè pe ọmọ lólódo

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la fẹ́ sọ lónìí, àti orúkọ burúkú kan tí a máa ń yára sọ wọ́n: olódo.

Ẹ wò ó, ọmọ ìyá méjì wà ní agboolé wa ní Sabon Gari, ní Kánò. Èyí ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni. Tó bá ti ka ìwé lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ̀ ọ́ lórí nìyẹn. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìwé síwájú ẹ̀, òkè ni á máa wò. Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé èsì ẹ̀ pé kò mọ nǹkan kan nínú ìṣirò. Bàbá ẹ̀ ní kó fi ilé-ìwé sílẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn o. Àmọ́ kí ọmọ lọ síbẹ̀ torí pé wọ́n ní kò lọ́pọlọ, ìyẹn la ò fara mọ́.

Torí pé ọmọ yìí kan náà ló ń dúró ní ìsọ̀ ìyá ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Oníbàárà Hausa á wọlé, á mú ọṣẹ mẹ́fà, ₦950 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìyẹn tó fa owó yọ, ọmọ ti dá a lóhùn ní Hausa pé ₦5,700 ni. A bi í bó ṣe ṣe é. Ó ní, "Mo pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún kan, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo wá yọ àádọ́ta náírà lọ́nà mẹ́fà, ìyẹn ọ̀ọ́dúnrún." Ní kíláàsì, wọ́n ní kó to nọ́ńbà lé ara wọn, kó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, kó máa gbé èyí tó bá lé lọ sí apá òsì. Ibẹ̀ ló ti ń sọnù.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà tí ọmọ yẹn gbà jọ ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà kàwé owó? Àwa la ń pe 95 ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún: a lọ dé ọgọ́rùn-ún ná, a wá yọ márùn-ún. Hausa á ní casa'in da biyar, àádọ́rùn-ún àti márùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì náà, ó ń fi kún un ni. Èdè mẹ́ta ni ọmọ tiwa ń gbé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ilé ló ti kọ́ ọ, bóyá ọjà ni, ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ní 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní Recife, ní Brazil. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ìṣirò bí oníbàárà, bíi 98 nínú ìdáhùn 100 ló tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé, ó já sí bíi 37. Ọmọ kan náà, orí kan náà!

Àmọ́ ká má wá ti ọmọ mọ́ ọ̀nà kan o. Àwọn kan á ní, "Ojú lọmọ tèmi fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, kì í ṣe etí." Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọn ò rí ẹ̀rí tó tó pé pípín ọmọ sí olójú àti eléti ń jẹ́ kó mọ̀wé sí i. Ọmọ tó mọ ti ọjà gbọ́dọ̀ mọ ti ìwé náà. WAEC ò ní wá bá a ní ìsọ̀ ìyá ẹ̀.

Àwọn àgbà agboolé bẹ bàbá ẹ̀ kó fún un ní táàmù kan sí i. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá ń jókòó tì í lálẹ́. Ọmọ á kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe ń ṣe é lọ́jà, wọ́n á wá jọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí tíṣà ṣe fẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà ti ń kọ́ ìṣirò orí lára àbúrò. Kò tíì gba ipò kìíní o, àmọ́ kò sá fún ilé-ìwé mọ́, bàbá ò sì dárúkọ mẹkáníìkì mọ́.

Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó na pàṣán, ẹ bi ọmọ yín pé, "Báwo lo ṣe rò ó?" Kẹ́ ẹ sì jókòó gbọ́ ọ dópin. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè wọn. Àmín.