Àpótí Lẹ́tà Bàbá Olùkọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà olùkọ́ kan ní Ìbàdàn kì í ṣe ti ẹ̀wù, lẹ́tà ni. Láti ọdún 2001 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n ti fọ́n ká sí Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ti ń kọ í-meèlì sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí lẹ́tà ẹnì kan fi ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn lórí àkọtọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń túfọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dá owó ìsìnkú.

Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ tí ń pa lẹ́tà wọ̀nyí mọ́ kéde pé òun ń kógbá sílé. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n: ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 2020 ni Yahoo ti ìlẹ̀kùn Yahoo Groups pa, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ pa àwọn lẹ́tà àtijọ́ ibẹ̀ rẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sáré da gbogbo lẹ́tà náà kọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá kọ́ ilé tuntun fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé náà rẹwà: àwòrán ń yí, àwọ̀ ń dán. Ó gbé e tọ Bàbá lọ. Ojú Bàbá ti di bàìbàì. Fóònù kékeré tí ń ka ọ̀rọ̀ sókè ni ó ń lò, owó dátà kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró títí kí ojú ewé kìíní tó ṣí. Nígbà tí ó ṣí, ohun tí fóònù ń kà kò ju “bọ́tìnnì, àwòrán, bọ́tìnnì” lọ.

“Ilé yìí dára, ọmọ mi,” ni Bàbá wí, “ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn rẹ̀ dà?”

Ó ní kí ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn òun. Lẹ́tà orí bébà ni ó kún inú rẹ̀, òwú sì so èsì kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́tà tí ó fa á.

Í-meèlì náà kò ṣe aláìní òwú. Láti ọdún 1982 ni ìlànà RFC 822 ti fi ààyè sílẹ̀ lórí lẹ́tà fún orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọjọ́, àkọlé, àmì ìdánimọ̀, àti àmì lẹ́tà tí ó ń fèsì sí. Òwú yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà dì mú. Ó wó ilé àkọ́kọ́, ó sì tún un kọ́: lẹ́tà kan, ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ lásán, láìsí àwòrán, àkọlé tí fóònù lè mọ̀ ní àkọlé, kí ó lè fò láti orí ọ̀kan dé òmíràn. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ 400 kì í sábà ju kílóbáìtì 5 lọ. Àwòrán fóònù kan ṣoṣo a máa ju 2,000 lọ nígbà púpọ̀. Kí ó tó ṣí i fún ará ìta, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì yọ nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn kúrò.

Ibì kan ni ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́. Lẹ́tà ìkẹyìn tí ẹlẹgbẹ́ wọn kan kọ kí ó tó di olóògbé ni. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ àmì ohùn, ó ti sọ wọ́n di àmì ìbéèrè. “Mo ti ra ?k??,” ni ohun tí ó wà níbẹ̀. Ṣé ọkọ́ ni, tàbí ọkọ̀?

“Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ sí i, Bàbá.”

“Rárá o. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ kò sí mọ́. Jẹ́ kí ó wà bí ó ti dé ọwọ́ wa. Kọ èrò tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Bàbá nìkan jókòó ti fóònù rẹ̀. Ojú ewé náà ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ahọ́n òyìnbó ni fóònù fi ń ka Yorùbá. Bàbá sì ń tún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pè bí ìgbà tí ó wà ní kíláàsì. Nígbà tí wọ́n dé ibi àmì ìbéèrè, fóònù dákẹ́ díẹ̀. Bàbá náà dákẹ́.

Ohun tí ènìyàn pa mọ́ tí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín kò tó, kò yàtọ̀ sí èyí tí ó sọnù.