Èló Ni Wọ́n Ń Ta Owó ní Agodi?

Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni ó gbé mi dé Agodi ní ọjọ́ Ẹtì kan. Bí mo ṣe ń jáde nínú ọgbà ìgbafẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ni màmá mi pè mí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, owó ìfẹ̀yìntì wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Wọ́n fi ₦20,500 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, wọ́n ní kí n gba ₦20,000 jáde, kí n gbé e fún màmá àgbà ní Bẹ́yẹrúnká, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti tán. Màmá àgbà kò ní àkáǹtì. Owó tí ọwọ́ wọn bá bà nìkan ni wọ́n mọ̀ lówó. Màmá mi ní, "Ohun tó bá kù nínú ₦500 yẹn ni kí o fi wọkọ̀ o."

Ẹ̀rọ ATM ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 2025, òfin Báńkì Àpapọ̀ ni pé bí a bá fi káàdì báńkì kan gba owó lára ẹ̀rọ báńkì mìíràn, ₦100 ni a ó san lórí ₦20,000, bí ẹ̀rọ náà bá wà ní ọgbà báńkì. Bí ó bá wà níta, ní ọjà tàbí ilé epo, wọ́n lè fi tó ₦500 kún un. Ẹ̀rọ tí mo bá ní tòsí Sẹkitéríàtì wà ní ọgbà báńkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí owó nínú rẹ̀. Àwọn tí ó tò síwájú rẹ̀ kàn ń wojú ara wọn ni.

Mo bá rìn dé Gate, níbi tí àwọn oní-POS jókòó sí lábẹ́ agbòjò aláwọ̀ mèremère. ₦100 ni wọ́n ń gbà lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan. Èyí já sí ₦400. Mo ní kí n wo iwájú ná. Mo wọ Micra lọ sí Òjé, ọjà àwọn aláṣọ òkè. ₦300 ni wọ́n dá lé ₦10,000 níbẹ̀, èyí tí ó já sí ₦600. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá kan tí ó gba ₦1,000 láti fi jẹun, tí wọ́n sì gba ₦100 lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ìyá yẹn san lórí náírà kan. Kọ́bọ̀ méjì ni èmi yóò san ní Gate. Ká ní owó wà nínú ẹ̀rọ ATM, ìdajì kọ́bọ̀ ni ì bá jẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni ó ń ra owó ní ọ̀wọ́n jù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní Béèrè, iye kan náà pẹ̀lú ti Gate ni ọmọbìnrin kan dá lé mi, mo sì gba owó mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ̀sùn kàn án tẹ̀rín-tẹ̀rín pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń ra owó tí mo ń tà ni." Ó ní bí báńkì kò bá fún òun ní owó tó, ọ̀dọ̀ àwọn ilé epo àti àwọn ìyá ọlọ́jà ni òun ti ń wá a, kì í sì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó sì di ọ̀wọ́n. Ní àwọn ibòmíràn, ẹni tí ó fẹ́ ₦1,000 ń san ₦200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́.

Mo gba abẹ́ Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, kọjá lọ sí Bẹ́yẹrúnká. Màmá àgbà ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bi mí pé, "Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ?" Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n mirí: "Owó irú mi nìyẹn." N kò sọ pé owó ọkọ̀ tí mo fi wá iye tí kò tó bẹ́ẹ̀ ti kọjá ₦100 tí ó kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tọ olóògùn tí ó wà ní Ọjà'ba lọ. Nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà lára ògiri. Láti oṣù tí ń bọ̀, màmá mi yóò máa fi owó oògùn ránṣẹ́ sí i tààrà. Owó oúnjẹ nìkan ni a ó máa gbà jáde, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ọ̀nà àbáyọ tiwa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tí mo rí ní Òjé kò ní ₦20,000 tí yóò gbà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́la, yóò tún gba ₦1,000, yóò sì tún san ₦100.