Kí Ẹ́ńjìnnì Wa Má Gbóná Kọjá Ààlà

Bí a bá ṣí ìwé ìrántí bí èyí, ọ̀rọ̀ àṣà àti ìṣọ̀kan ni a sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni a fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń gbé ní ọ̀nà Iwofe mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló ń gbé wa lọ sí ibi iṣẹ́, òun ló ń tan iná fún wa lálẹ́, òun náà ni yóò sì gbé wa lọ sílé bí Kérésì tàbí Iléyá bá dé. Ooru ni ọ̀tá gbogbo wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oòrùn Port Harcourt ló ń fa á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà sọ fún wa lórí fóònù pé ọkọ̀ kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín. Kò ní táyà. Ohun pẹlẹbẹ méjì tó ń yọ̀ lórí yìnyín ló wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í lọ. Joseph-Armand Bombardier, ará Quebec, ló gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Ski-Doo jáde ní ọdún 1959. Ẹ̀rín pa wá nígbà tó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń gbóná jù, nínú òtútù tó ń mú omi dì! Ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ yé wa. Nínú èyí tó ń lo omi, omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì máa ń gba inú irin kan kọjá lábẹ́ ìjókòó. Yìnyín tí bẹ́ẹ̀tì ń fọ́n sókè ló ń ta sí irin yẹn lára, tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Bí ọkọ̀ náà bá wá dé orí yìnyín tó ti dì gbagidi bí òkúta, kò sí èyí tí bẹ́ẹ̀tì yóò fọ́n sókè mọ́, kíá ni ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n so irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn tí yóò máa ha ilẹ̀, kí yìnyín lè máa tú sókè. Ẹ ò rí i pé ooru kò ti ojú ọ̀run wá? Inú ẹ́ńjìnnì ni iná ti ń jó, ohun kan sì gbọ́dọ̀ máa gbé ooru náà jáde, ì báà ṣe afẹ́fẹ́, omi, ọ́ìlì, tàbí yìnyín fún àwọn tó ní in.

Maṣíìnì tiwa, afẹ́fẹ́ ló gbójú lé. Ní bí ọdún 1990 sókè, maṣíìnì tí a fi owó àyálò rà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń lọ sí ọ́fíìsì. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers fòfin de ọ̀kadà nínú ìlú ní ọdún 2009, àwọn ọmọ wa tó ń fi í jẹun ta tiwọn, àwọn mìíràn bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ṣùgbọ́n maṣíìnì kò tán láàárín wa. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáadáa: ẹ ó rí àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú ewé ìwé. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àárín wọn ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láti kó ooru lọ. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ máa ń dí ibẹ̀ títí yóò fi gbẹ bí ògiri, ẹni tó ni ín yóò sì máa fọ táńkì àti ìjókòó kí ó lè máa dán, kò ní wo ẹ́ńjìnnì. Búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ ló ń ṣe é, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Àwọn kan tún máa ń ta rọ́bà sí iwájú ẹsẹ̀ kí omi má baà ta sí wọn lára. Rọ́bà yẹn ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́.

Ọ́ìlì ńkọ́? Inú maṣíìnì kékeré kò gbà ju bíi lítà kan lọ. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti jó tán, ìyókù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó tún ń dùn wá jù ni ti àwọn mẹkáníìkì tí yóò dín epo kù ní kabúrétọ̀, tí wọn yóò ní “Ọ̀gá, kò ní jẹ epo mọ́.” Òótọ́ ni, kò ní jẹ epo, ṣùgbọ́n bí epo bá kéré jù sí afẹ́fẹ́, iná inú ẹ́ńjìnnì á gbóná sí i, písítìnì ni yóò sì san owó epo tí a rò pé a fi pamọ́. Ọmọ tó gba maṣíìnì ní ìsanwó díẹ̀díẹ̀, bí písítìnì bá gan ní oṣù kẹta, gbèsè ṣì wà nílẹ̀, iṣẹ́ ti lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nítorí olè, àwa a máa tì í mọ́ inú àpótí irin tàbí sábẹ́ àtẹ̀gùn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni yóò máa fà sínú, tí yóò tún máa tú jáde. Èyí tó burú ju ẹ́ńjìnnì lọ ni èéfín rẹ̀. Gáàsì inú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, ni ààyè rẹ̀. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ fi ṣéènì dè é.

Ó wá ku mọ́tò, níbi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà ilé: Choba, Emohua, Ahoada, Mbiama, Kaiama, Patani, Ughelli, Warri, Sapele, Benin, kí a tó rí Ọ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012 àti 2022, àkúnya omi bo ojú ọ̀nà yẹn. Kódà láìsí àkúnya, hólọ́ọ̀pù a máa mú wa dúró lójú kan fún wákàtí púpọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, AC ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé níwájú. Fáànù nìkan ló kù. Ẹ tan mọ́tò nílé kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kó gbóná, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé fáànù yí.

Omi kànga ẹ̀rọ tiwa níbí, ẹ ṣáà mọ bí ó ṣe ń sọ bákẹ́ẹ̀tì di pupa. Irin wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń kan díẹ̀. Omi yẹn kọ́ ló yẹ kí a máa dà sínú rédíétọ̀ lọ́dọọdún, nítorí ìpẹtà ni yóò dì sínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀. Kúláǹtì ni kí ẹ rà, kí ẹ fi omi tí kò ní èròjà pò ó ní ìdajì sí ìdajì bí kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀. Ìdérí rédíétọ̀ náà kì í ṣe ìdérí lásán: òun ló ń há omi mọ́ tí omi fi lè kọjá ìwọ̀n 100 láìhó, títí dé nǹkan bí 120. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gbó, omi yóò hó kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

A tún fẹ́ bá àwọn mẹkáníìkì wa sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọn a máa yọ thermostat dànù, wọn a ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí a kọ́ ní pólì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó máa ń dé ọ̀nà omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí yóò sì ṣí i bí omi bá gbóná tó bí ìwọ̀n 82 sí 90. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, yóò máa jẹ epo, yóò sì tètè gbó. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, apá kan omi kò tilẹ̀ ní gba inú rédíétọ̀ kọjá mọ́, ni ooru bá tún pọ̀ sí i. Èyí tó bá ti bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ọwọ́ géèjì bá wá ń gòkè ńkọ́? Ẹ pa AC. Bí hólọ́ọ̀pù bá dì yín mú, ẹ tan hítà, kí ẹ sì ṣí gbogbo fèrèsé. Àwọn ọmọ á pariwo pé ooru pa wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo, ooru ẹ́ńjìnnì ló ń jáde sára wa yẹn. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á. Ẹ má ṣí rédíétọ̀. Ìdílé kan nínú wa rí i ní Ọ̀rẹ̀: ọmọkùnrin wọn tó fẹ́ ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ fi àkísà yí ìdérí, omi gbígbóná sì fò bò ó láti ọrùn dé àyà. Epo pupa ni àwọn èèyàn sáré mú wá. Omi tútù tó ń ṣàn ló yẹ, fún 20 ìṣẹ́jú, kí a tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà yè, àpá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ di òní.

Ẹ dúró tó ìdajì wákàtí ó kéré tán, títí ẹ ó fi lè fọwọ́ kan rédíétọ̀ láìjó yín. Omi tútù tí a dà sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè mú kí irin rẹ̀ sán, gásikẹ́ẹ̀tì á sì lọ. Ẹ gbé lítà 5 omi mímọ́ dání sínú búùtù. Ẹni tó bá sì máa gba Mbiama kọjá lọ́sẹ̀ Kérésì, kí ó ti fọ rédíétọ̀ rẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí, nítorí bó bá ti di àárín oṣù Kejìlá, àwọn mẹkáníìkì ọ̀nà Iwofe kì í ráyè ẹnikẹ́ni mọ́.