Kíndìnrín inú kúlà tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣàn: ohun tí eré kì í sọ rè é o!

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá nírọ̀lẹ́, lásìkò táwọn òṣìṣẹ́ ń ti Lẹ́kkí Free Zone bọ̀, yóò rí i pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan làwọn èèyàn ń wò. Láti Ẹlẹ́kọ títí dé Ajah, tẹlifíṣàn wà nísọ̀ olóúnjẹ, ó wà níbi tí wọ́n ti ń gẹrun, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọtí. Bí bọ́ọ̀lù ò bá sí, ó lè jẹ́ eré àwọn dókítà òyìnbó ni wọ́n máa yí i sí. Gbogbo ẹni tó bá ti wo irú eré bẹ́ẹ̀ rí ló mọ ibi tó ti máa ń dùn jù. Aláìsàn ti fẹ́ẹ́ kú, ìyàwó ẹ̀ ń sunkún, lójijì ni fóònù máa dún pé ọkàn ti wà, tàbí pé kíndìnrín ti wà. Hẹlikọ́pútà ti balẹ̀ sórí òrùlé ọsibítù, ẹnì kan ti gbé kúlà kékeré kan dání, ó ń sáré. Kí wọ́n tó polówó ọjà tán, aláìsàn ti lajú, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó parí! Àwọn tó ń wò ó á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní òyìnbó mà gbọ́n o.

Eré náà dùn lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ní kó má dùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wò ó ni kò dé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara rí, ohun tí wọ́n rí nínú eré nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọjọ́ tí àìsàn bá wá kan ilé wọn, òye inú eré yẹn náà ni wọ́n máa gbé lọ bá dókítà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí èèyàn méjì ni eré máa ń fi pamọ́ fún wọn: ẹni tó yọ nǹkan ara ẹ̀ sílẹ̀, àti aláìsàn náà lẹ́yìn ọjọ́ tó bá ti kúrò ní ọsibítù.

Ẹ wo ti ọkùnrin wẹ́dà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Free Zone yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tó ń wakọ̀ akérò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru lára fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò tọ́jú ẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, ni wọ́n bá ní kíndìnrín méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀rọ máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí owó bá ṣe wà ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ni ìyá wọn pe wẹ́dà yìí lórí fóònù.

"Ọkọ mi, dókítà ní kí ọ̀kan nínú yín yọ̀ǹda kíndìnrín kan fún ẹ̀gbọ́n yín."

Ọkùnrin náà kò tètè dáhùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ṣé wọn ò lè bá wa wá ti ẹni tó ti kú ni, màmá? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù?"

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́. Ẹnì kan ní bó bá fi lè yọ ọ́, kò ní í lè fún obìnrin lóyún mọ́. Òmíràn ní kò ní í lè gbé irin mọ́ láyé. Ẹnì kẹta tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá ní kíndìnrín tí wọ́n ń wá, òun á tà á, òun á fi ra ilẹ̀ n'Ìbẹ́jú, ṣebí wọ́n ń tà á nínú eré. Nígbà tó délé, ìyàwó ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, bí ẹ bá kú sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ta ló máa bá mi tọ́ àwọn ọmọ yìí?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì sẹ́nì kankan nínú eré dókítà tó ti bá a dáhùn ẹ̀.

Dókítà ló wá là á yé e. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe àwọn eré wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ kíndìnrín ló ń wá látara ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ti kú pátápátá ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ṣì ń bá a mí, tí òun fúnra ẹ̀ ti fọwọ́ sí i nígbà tó wà láyé tàbí tí àwọn ẹbí ẹ̀ gbà. Ní Nàìjíríà, alààyè ló ń fún alààyè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ láti ọdún 2000 tí ọsibítù St. Nicholas n'Ísàlẹ̀ Èkó ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín lórílẹ̀-èdè yìí. Kò sí kúlà, kò sí hẹlikọ́pútà. Ẹni tó máa fúnni wà ní yàrá kan, ẹni tó máa gbà á wà ní yàrá kejì, iṣẹ́ abẹ méjì ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá lè fi kíndìnrín kan ṣoṣo lo ayé ẹ̀, kó ṣiṣẹ́, kó sì bímọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ara ẹ̀ dá lóòótọ́: wọ́n á wo irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ bóyá wọn ò ní í bára wọn jà, wọ́n á wo ìfúnpá, ṣúgà, ìtọ̀ àti ọkàn.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà ní kí ìyá àti ẹ̀gbọ́n bọ́ síta. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó bi wẹ́dà yìí pé, "Ọ̀gá, ó ku èmi àtiyín. Ṣé ó wù yín láti ṣe é, àbí wọ́n ń fipá mú yín? Bí ẹ bá ní ẹ ò ṣe, ohun tí màá sọ fún wọn kò ju pé ara yín ò bá a mu lọ. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ èyí tó kù." Ọkùnrin náà ní òun á ṣe é. Àfi bí àyẹ̀wò ṣe jáde pé òun náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò mọ̀! Wọn ò lè gba tiẹ̀. Ó sunkún níjọ́ náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń lo oògùn ẹ̀, bóyá òun ni ì bá tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin tó ń ṣe irun l'Ajah ni tiẹ̀ bá a mu, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà nínú yàrá kan náà, òun ló sì fún un.

Ẹ ò ní í rí yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ yẹn nínú ọ̀pọ̀ eré. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò síbi tó ṣe pàtàkì tó o. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣàìsàn kíndìnrín, ni wọ́n bá mú ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan tó ń ta nǹkan fóònù lójú títì l'Ékòó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2022. Wọ́n sọ fún ọsibítù Royal Free pé mọ̀lẹ́bí ọmọ náà ni. Dókítà tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un pé kò ní í ṣeé ṣe, ńṣe lara ẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n ò ṣe é. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin náà sá lọ bá ọlọ́pàá. Ní May 5, 2023, ilé-ẹjọ́ Old Bailey rán sẹ́nétọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ, ìyàwó ẹ̀, Beatrice, ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́fà, Dókítà Obinna Obeta tó bá wọn ṣètò ẹ̀, ọdún mẹ́wàá. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara lábẹ́ òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 2015 láti gbógun ti ìkónilẹ́rú. Àánú òbí tí ọmọ ẹ̀ ń kú lọ ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn náà, ọmọ ni. Òfin ìlera tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2014 náà ò fàyè gba kéèyàn gbowó lórí ẹ̀yà ara tó bá fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, àfi owó tó tọ́ tó bá ná sórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ń wo Grey's Anatomy rántí èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006. Dókítà obìnrin kan, Izzie Stevens, gé wáyà ẹ̀rọ tó ń gbé ọkàn olólùfẹ́ ẹ̀ ró, kí àìsàn ẹ̀ lè le sí i, kí wọ́n lè gbé e síwájú lórí ìlà. Ọkùnrin tó fi ìṣẹ́jú àáyá 17 péré ṣíwájú ẹ̀ lórí ìlà ló yẹ kó gba ọkàn yẹn. Olólùfẹ́ gba ọkàn, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ayé ló sunkún nítorí ìfẹ́ wọn. Ẹni mélòó ló sunkún nítorí ẹni tí wọ́n já ipò gbà lọ́wọ́ ẹ̀?

Ohun kejì tí eré ń fi pamọ́ ni ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà ti padà sílé, àmọ́ ara ẹ̀ mọ̀ pé àlejò ni kíndìnrín yẹn, yóò sì fẹ́ lé e jáde. Oògùn bíi tacrolimus àti prednisolone ló ń dá ara náà lẹ́kun, ojoojúmọ́ ni yóò sì máa lò ó, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín yẹn bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá pa á jẹ nítorí pé owó ò sí, gbogbo ohun tí àbúrò ẹ̀ fi ara ẹ̀ ṣe lè bọ́ sófo. Owó oògùn yìí ni àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta ń dá jọ lóṣooṣù. Kò sí dúrù, kò sí ijó.

Kì í ṣe pé tẹlifíṣàn ò lè ṣe rere o. Ní Brazil lọ́dún 2000, eré Laços de Família fi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Camila hàn, tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fá orí ẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Àwọn tó lọ forúkọ sílẹ̀ láti fi mùdùnmúdùn egungun wọn ta aláìsàn lọ́rẹ pọ̀ sí i gan-an lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1980, ètò Panorama orí BBC béèrè bóyá àwọn tí wọ́n ń yọ ẹ̀yà ara wọn kú lóòótọ́, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń yọ̀ǹda dínkù. Ohun tí tẹlifíṣàn bá sọ, ó ń ran èèyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù Yorùbá, bí ẹ bá tún fẹ́ fi kíndìnrín sínú eré, ẹ má fi mọ sórí àwọn tó ń jí i yọ àti àwọn tó fi ń ṣoògùn owó. Ẹ fi yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ hàn wá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí dókítà ṣe ń béèrè bóyá ó wù ọ́, ká sì rí ẹni tó ní kò wù òun tí kò sẹ́ni tó bú u.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń wò ó, òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti dín owó ẹ̀jẹ̀ fífọ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, LUTH àti ti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta wà lára wọn. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìfúnpá wíwò ò tó ìyẹn lówó, kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ lọ wò ó kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀.