Ọjà ẹ̀rọ Las Vegas: Kámẹ́rà lonífọ́tò ń wá lọ, mọ́tò ló ń bá níbẹ̀

Tí ọdún tuntun bá ti wọlé báyìí, tí owó ọdún ti tán lápò, tí oníkálukú ń wá bí oṣù January ṣe máa parí, ìlú kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ọjà tiẹ̀ ń gbóná. Las Vegas nìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Nevada, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àárín aṣálẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, tẹ́tẹ́ ló sì sọ ọ́ dolókìkí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kan yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ̀lú kò bá ti tẹ́tẹ́ wá. Ẹ̀rọ ni wọ́n wá wò, níbi ìpàtẹ ọjà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní CES.

CES yìí kì í ṣe ọmọ àná. New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lóṣù June, ọdún 1967, inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì pàtẹ sí. Àwọn tó wá nígbà náà kò ju bíi 17,500 lọ, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n wá wò. Lọ́dún 1978 ni wọ́n gbé ti oṣù January lọ sí Las Vegas, ibẹ̀ ló sì fìdí kalẹ̀ sí títí dòní. Lọ́dún 2020, èrò ibẹ̀ lé ní 170,000. Nígbà tó di 2021, àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é. Àmọ́ ní 2025, èrò ti tún padà dé, wọ́n lé ní 140,000.

Tẹ́ ẹ bá wá ń rò pé bíi tiréèdì fíà tí wọ́n máa ń ṣe l'Ékòó ní November ló rí, níbi téèyàn ti lè ra ìkòkò, ra bísíkíìtì, kó tún fa ọmọ lọ́wọ́, ẹ tètè gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ kankan ṣe nídìí ọjà ẹ̀rọ kò lè wọlé. Wọ́n máa béèrè ibi téèyàn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa wo ìwé rẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní káàdì tó máa fi kọ́rùn. Torí náà, ẹni tó kàn fẹ́ràn fọ́tò yíyà gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, tàbí kó máa bá ilé iṣẹ́ ìròyìn ṣe, àbí kó níṣẹ́ mìíràn tó bá ọjà náà tan. Báàgì onítáyà, wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Èyí tó máa dun ẹlòmíràn jù ni pé tó bá kó dọ́là dání pẹ̀lú èrò pé òun máa ra lẹ́ńsì ní pọ́ọ́kú, bó ṣe kó o lọ ló ṣe máa kó o bọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń bá àwọn ọlọ́jà ńláńlá dúnàádúrà níbẹ̀, wọn kì í tajà fún ẹni tó ń kọjá lọ.

Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ bí ọjà náà ṣe tó. Gbọ̀ngàn ńláńlá tó wà ní Las Vegas Convention Center, lójú ọ̀nà Paradise Road, kò gbà wọ́n tán, wọ́n tún ń pàtẹ sí Venetian lápá ibòmíràn nínú ìlú. Láti 2021 ni mọ́tò Tesla ti ń gba inú ihò abẹ́ ilẹ̀ gbé èrò láti gbọ̀ngàn kan sí òmíràn. Síbẹ̀ náà, bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ lọ́jọ́ yẹn. Onífọ́tò tó bá wọ bàtà tuntun wá sí CES, kó tó dọ̀sán ni yóò ti máa wá ibi tó máa jókòó.

Wàyí o, kí ni onífọ́tò fẹ́ rí níbẹ̀? Kí ẹ má ṣì í gbọ́, wọ́n ti kó kámẹ́rà gidi wá sí CES rí. Ní January 2016, ọ̀sẹ̀ CES ni Nikon gbé D5 àti D500 jáde. Ní 2017, Panasonic kó GH5 wá. Ní 2020, Canon gbé EOS-1D X Mark III kalẹ̀, Nikon náà sì gbé D780 dé. Nírú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, okùn ni wọ́n sábà máa ń fi so kámẹ́rà mọ́ tábìlì. Èèyàn lè gbé e, kó fojú sí i, kó tẹ̀ ẹ́, kó gbọ́ bó ṣe ń dún, àmọ́ kò lè gbé e kúrò níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ èyí tí kò tíì dọ́jà ni, wọn kì í sábà fẹ́ kéèyàn ki káàdì tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Á kàn yà á ṣá ni, kò ní í rí fọ́tò kankan mú lọ sílé.

Lọ́dún 2020 yẹn náà, Sony, tí kò sí onífọ́tò tí kò mọ kámẹ́rà wọn, kí lẹ rò pé wọ́n fi dá àwọn èèyàn lára yá? Mọ́tò ni o! Vision-S ni wọ́n pè é, òun ni gbogbo ayé sì ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí níbẹ̀ nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n tó ga bí ògiri, ọkọ̀ tó ń wa ara ẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì oríṣiríṣi, àwọn ló gba iwájú. Kámẹ́rà ti dẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n náà gan-an tún máa ń dá onífọ́tò láàmú. Iná wọn ń ṣẹ́jú, ojú lásán ni kò rí i. Tí kámẹ́rà bá ń ṣí tó sì ń pa kíákíá jù, ìlà-ìlà dúdú ló máa hàn nínú fọ́tò. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á dín eré kámẹ́rà kù, á fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra, á dúró gbọn-in kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ta ló wá gbapò lọ́wọ́ kámẹ́rà? Fóònù ni. Ní January 9, 2007, bí wọ́n ṣe ń ṣe CES lọ́wọ́ ní Las Vegas, San Francisco ni Steve Jobs wà tó ń fi iPhone àkọ́kọ́ han aráyé. Kò tiẹ̀ gbé e wá sí CES rárá. Kámẹ́rà tó wà nínú fóònù náà kò ju mẹ́gápíkísẹ̀lì 2 lọ, onífọ́tò tó rí i nígbà yẹn lè fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lọ́dún 2010, ó lé ní mílíọ̀nù 121 kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù tí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ CIPA, ní Jàpáànù, kó jáde sọ́jà. Nígbà tó fi máa di 2020, kò tó mílíọ̀nù 9 mọ́.

Ti Kodak ló ṣeni láàánú jù. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹnjinníà kan, Steven Sasson, ti ṣe kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí kò lo fíìmù lọ́dún 1975. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló ń gbà á kó tó kọ fọ́tò kan sínú kásẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ fíìmù ló ń mówó wọlé fún Kodak, wọn ò sì tètè jókòó ti ọmọ tí wọ́n bí yìí. Ní January 19, 2012, tí CES ọdún náà ò tíì parí ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, Kodak gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n gba àwọn lọ́wọ́ àwọn tí àwọn jẹ ní gbèsè. Wọ́n bọ́ nínú ìyẹn ní 2013. Nígbà tó tún di January 9, 2018, lọ́sẹ̀ CES, wọ́n ní owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn onífọ́tò á máa lò ń bọ̀, KODAKCoin lorúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, owó ìpín ìdókòòwò Kodak fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fíìmù, owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì ná ló sọ ọ́ dààyò.

Ọjọ́ kejì ẹ̀, January 10, 2018, lohun tó máa pa ará Nàìjíríà lẹ́rìn-ín ṣẹlẹ̀. Òjò ńlá ti rọ̀ sínú aṣálẹ̀ yẹn lọ́jọ́ tó ṣáájú, omi òjò náà da tiransífọ́mà kan láàmú, ni iná bá lọ nínú gbọ̀ngàn àárín, níbi tí àwọn alágbára pàtẹ sí. Bíi wákàtí méjì ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà lásìkò NEPA ò ní í rí ìyẹn bíi nǹkan bàbàrà, àmọ́ níbẹ̀, nínú ọjà iná àti ẹ̀rọ, ìròyìn ńlá ni. Tẹlifíṣọ̀n olówó gọbọi di ògiri dúdú. Kámẹ́rà àti fóònù tí wọ́n ní bátìrì nínú ò mọ̀ pé iná lọ.

Ṣé ibòmíràn wà tí onífọ́tò lè gbà lọ? Èyí tí wọ́n ń fi yangàn jù tẹ́lẹ̀ ni Photokina, ní Cologne, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ fọ́tò ni wọ́n sì dìídì dá a sílẹ̀ fún. Ti September 2018 ló kẹ́yìn, nítorí pé ní November 2020, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ kéde pé àwọn dá a dúró. Èyí tó ṣì dúró digbí ni CP+, ní Yokohama, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, tí wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Níbẹ̀, ará ìta náà lè wọlé. Ẹni tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà nìkan ló gbé e kúrò nílé, kó yáa gba Yokohama lọ, kó má lọ náwó sí Las Vegas.

Ẹni tó bá sì ti dé Las Vegas ná, kó má fi gbogbo ọjọ́ ṣòfò sínú gbọ̀ngàn. Lóṣù January, oòrùn máa ń wọ̀ kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí wọ́n fi palẹ̀ ọjà mọ́, òkùnkùn ló máa bá níta. Red Rock Canyon, níbi tí àpáta pupa rẹrẹẹrẹ wà, kò ju bíi kìlómítà 30 lọ sápá ìwọ̀ oòrùn ìlú. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù níbẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn sára àpáta, àmọ́ kéèyàn mú súwẹ́tà dání, torí òtútù aṣálẹ̀ kì í ṣe eré. Ní Neon Museum, nínú ìlú, àwọn pátákó oníná àtijọ́ tí wọ́n yọ kúrò lára òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ ni wọ́n kó jọ.

Tó bá sì dalẹ́, Sphere wà níbẹ̀, ilé rìbìtì kan tí wọ́n ṣí ní 2023, tí iná bo gbogbo ara ẹ̀. Ìgbà mìíràn, ojú èèyàn ni wọ́n máa ń yà sára ẹ̀, táá máa ṣẹ́jú sí gbogbo ìlú. Gbogbo èrò ló máa na fóònù sókè lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́tò kan náà ni gbogbo wọn á sì yà. Onífọ́tò tó mọ ohun tó wá ṣe á kẹ̀yìn sí i, á ya àwọn tó ń wò ó, pẹ̀lú bí iná náà ṣe ń tàn sí wọn lójú. Kámẹ́rà àtijọ́ tó gbé wá látilé tó o ṣe. Bó ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kóun kọjú sí, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á ní CES.