Kò Sí Aginjù Tí Kò Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní rírìn jìnnà ni í mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tí àwọn tó ń pa á kì í sábà mẹ́nu bà. Bí ẹni tó rìn jìnnà kò bá mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀kẹ́rẹ́, yóò rí abuké rẹ̀ tán, kò sì ní mọ̀ pé òun rí nǹkan kan. Ojú nìkan kọ́ ni a fi ń ríran. A ń fi orúkọ ríran pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Ìrìn-àjò orí omi méjì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ: èyí tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi, àti èyí tí mo fi ojú ara mi rí.

Ní ọdún 2018, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ti di ará ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ sí Alaska nígbà ooru wọn. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi rìn láàárín àwọn erékùṣù àti òkè etíkun ìhà àríwá, lójú ọ̀nà omi tí wọ́n ń pè ní Inside Passage. Ó kọ̀wé sí mi pé oòrùn ibẹ̀ kò fẹ́ wọ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, ilẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Ó rí àbùùbùtán tí ń tú omi sókè. Nígbà tí wọ́n dé Glacier Bay, ó rí òkè yìnyín tí ń ya lulẹ̀ sínú òkun, tí ìró rẹ̀ sì dà bí àrá. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi parí ìwé rẹ̀ pé òun ti dé aginjù tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò tẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ mi kò purọ́. Bí àwọn tó ta ìwé ọkọ̀ fún un ti pè é ni òun náà ṣe pè é. Ṣùgbọ́n mo ka ìtàn ibẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn Tlingit ni wọ́n ń gbé ibẹ̀ kí yìnyín tó wọ́ dé ní nǹkan bí àádọ́ta-lé-rúgba ó lé díẹ̀ ọdún sẹ́yìn, tí ó sì lé wọn kúrò nílé. Nígbà tí ọkọ̀ George Vancouver kọjá ní ọdún 1794, yìnyín ló dí gbogbo ẹnu ọ̀nà omi náà. Nígbà tí John Muir yóò fi dé ibẹ̀ ní ọdún 1879, yìnyín ti fà sẹ́yìn ju ọgbọ̀n máìlì lọ. Àwọn Tlingit tó ṣí lọ sí Hoonah kò gbàgbé ilé. Wọ́n ń fi ìtàn àti orúkọ àwọn ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ kọ́ ọmọ wọn, títí di ọdún 2016 tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn sí etí omi náà.

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín aginjù àti ahoro. Aginjù ni ibi tí a kò tí ì gbé. Ahoro ni ibi tí a ti gbé rí, tí ogun tàbí àjàkálẹ̀ lé wa kúrò. Ahoro ìdílé kan ni ọ̀rẹ́ mi ń wò láti orí ọkọ̀, aginjù ni ó sì pè é, nítorí kò sí ẹni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Nínú lítíréṣọ̀ tiwa pàápàá, aginjù aláìlórúkọ ṣọ̀wọ́n. Igbó ẹlẹ́rù ni D. O. Fágúnwà kó àwọn ọdẹ rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó fún wọn lórúkọ: Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, Igbó Olódùmarè ní ọdún 1949, Igbó Elégbèje ní ọdún 1954. Ó mọ̀ pé ibi tí kò lórúkọ kò lè ní ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Alápòótí ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Odò wà nínú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ohun tí àwọn ọmọ wa mọ̀, ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tírélà àti èéfín ni wọn yóò kà fún yín. Inú ọ̀rá ni omi mímu wọn ti ń wá, inú ẹ̀rọ ni ti ìwẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ wọn ní àdúrà àwọn àgbà, èyí tí a fi ń tọrọ pé kí a lékè bí ojú-oró àti òṣíbàtà, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọmọ kan kọ ọ́ pé irú bàtà kan tí àwọn ọba ayé àtijọ́ máa ń wọ̀ ni òṣíbàtà. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn tó ń rẹ́rìn-ín léèrè, kò sí ẹni tó rí ọ̀kankan nínú méjèèjì rí.

Èyí ni ó mú kí a lọ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí òjò dáwọ́ díẹ̀. Kò rọrùn. Òbí mẹ́rin kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń dà. N kò bá wọn jiyàn, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo ṣe ni pé kò sí ọmọ tó wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. A gba Lusada, a já sí Agbára, a sì bọ́ sí ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì.

Bàbá tó tu wa jẹ́ Ẹ̀gùn, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó tu wa gba ojú ọ̀sà, ògùrọ̀ sì dúró lọ́tùn-ún lósì bí ẹ̀ṣọ́. Ó fi lékeléke hàn wá, ó fi ìgèrè hàn wá, ó sì fi akaja hàn wá, ìyẹn ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ inú omi kí ẹja lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ó ní ara ògùrọ̀ kan náà ni ẹmu ti ń wá tí ìko sì ti ń wá. Láìpẹ́ àwọn ọmọ rí ewéko tó bo ojú omi, tó ní òdòdó aláwọ̀ elésè àlùkò. Wọ́n pariwo pé, "Ojú-oró rèé!"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, àjèjì nìyẹn. Mo ti ń pẹja kí ó tó dé."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran ewéko yẹn ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú omi ilẹ̀ Nàìjíríà, nínú ọ̀sà Àgbádárìgì yìí kan náà, ó gba ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ wọlé. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, ó sì ń gba àyè mọ́ ewéko ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá wá darí ọkọ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, ó fi ojú-oró gidi hàn wọ́n: ewé rẹ̀ ṣù jọ bí ẹ̀fọ́ kékeré, gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro nínú omi, kò kan ilẹ̀. Lẹ́bàá rẹ̀ ni òṣíbàtà wà: ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àdúrà àwọn àgbà ti yé wọn, láìsí pé mo sọ púpọ̀. Ọ̀kan lékè nítorí pé kò sí ohun tó so ó mọ́lẹ̀. Èkejì lékè bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló dì í mú. Nítorí náà ni a fi ń pe méjèèjì pọ̀: bí ipò ọmọ ènìyàn ti wù kó rí, ó lè lékè.

Lẹ́yìn èyí a sọdá sí Gberefu, a sì rin orí iyanrìn lọ sí etí òkun, ojú ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Atẹ́gùn ń fẹ́, àgbọn ń mì, òkun sì ń dán. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Mà, kí ló dé tí ibi ẹkún fi lẹ́wà báyìí?"

Ìbéèrè yẹn wúwo. Mo sọ fún un pé ẹwà ibẹ̀ ti wà kí ìwà ìkà tó dé, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Mo wá sọ ohun kan tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Odò Yewa, tó ṣàn gba ilẹ̀ wa kọjá, inú ọ̀sà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu yìí ni ó ń já sí. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀ gbà ní ọdún 1995. Títí di òní, wọ́n ń ké pe Yewa ní Brazil àti ní Kúbà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ké pe Ọ̀ṣun àti Yemọja. Wọ́n gba aṣọ lọ́rùn àwọn ẹrú, wọ́n sì yí orúkọ àbísọ wọn padà, ṣùgbọ́n orúkọ odò ilé wọn bá wọn sọdá òkun. Àwọn tí wọn kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ kò sọ ọ́ nù. Àwa tí odò náà wà ní tòsí ilé wa ńkọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́, kò di dandan kí a ní owó Alaska, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò lè dé Àgbádárìgì. Lẹ́yìn ìrìn-àjò wa, iṣẹ́ àṣetiléwá kan ṣoṣo ni mo fún àwọn ọmọ: kí olúkúlùkù wá orúkọ omi tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù lọ, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àgbà. Ọmọ kan mú orúkọ odò kékeré kan wá, èyí tí ògiri ilé-iṣẹ́ ti há mọ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní gọ́tà. Ìyá rẹ̀ àgbà ló sọ orúkọ náà, ó sì sọ èèwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí ọmọ náà ń kọ ìtàn odò rẹ̀ lọ́wọ́, òun ló ni ín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ béèrè tiyín. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti Ẹ̀gùn tàbí ti Àwórì, ẹ kọ ọ́ bí onílẹ̀ ti pè é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ o, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dàgbà.